Pákó Àga Ìyá

Oríkèé ìka àárín ló fi ń kan igi. Á ká ọwọ́ rọra, bí ẹni tó fẹ́ kan ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ìkókó ń sùn sí. Á gbé etí ọ̀tún sún mọ́ pákó. Á di ojú. Á kàn án lẹ́ẹ̀kan, á dúró, á sún ọwọ́ síwájú díẹ̀, á tún kàn án. Ẹnu rẹ̀ á là díẹ̀ nígbà tó bá ń gbọ́, bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Tí pákó náà bá dáhùn pé "kó," ó ti gbẹ. Tí ó bá dáhùn pé "bù," omi ṣì wà níkùn rẹ̀.

Bù ni.

Á la ojú. Á fi àtẹ́lẹwọ́ nu pákó náà lórí, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Á gbé e padà síbi tó ti mú un.

"Jẹ́ ó gbẹ."

Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Jẹ́-Ó-Gbẹ. Káfíńtà ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀yìn ibùdókọ̀ kọjá. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nílé. Èyí ni ti ìta, òun ni gbogbo ènìyàn sì ń lò.

"Bàbá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìyàwó mi ń kó wọlé o," ọkùnrin kan wí fún un lọ́jọ́ kan. Ibùsùn ló wá gbà.

"Kó máa bọ̀. A ó kí i káàbọ̀."

"Orí kí ni ká máa sùn?"

"Ẹní wà lọ́jà."

Obìnrin tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ tirẹ̀ gbọ́ ọ láti òdìkejì ọ̀nà. Télọ̀ ni wọ́n ń pe òun. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ kí ariwo rẹ̀ má baà bo ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ.

"Ọkọ ìyàwó, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Kí ibùsùn yẹn tó gbẹ, ọmọ yín á ti máa rá."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì dúró. Gbogbo wọn ló ń dúró. Àga tó bá tọwọ́ Jẹ́-Ó-Gbẹ jáde kì í ké tí ènìyàn bá jókòó lé e. Tábìlì rẹ̀ kì í mì. Bàbá á lò ó, ọmọ á jogún rẹ̀.

Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dá gbà ni ilẹ̀kùn yàrá ọ̀gá ilé ìwé kan. Igi tútù ló fi kàn án, torí pé ara ń yá a. Ilẹ̀kùn náà dára lójú. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó lọ́. Ó há mọ́ férémù láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé wà nínú ilé. Ojú fèrèsé ló gbà jáde, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, lójú gbogbo ọmọ ilé ìwé. Àdúgbò rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn. Ẹ̀rín náà kò kúrò létí káfíńtà. Àtìgbà náà ló ti ń dúró de igi.

Ó wá di pé kì í ṣe igi nìkan. Ó ń fẹ́ obìnrin kan sọ́nà nígbà kan, obìnrin náà bi í pé ìgbà wo ni ìgbéyàwó. Ó ní kí ọ̀rọ̀ náà ṣì gbẹ díẹ̀. Obìnrin náà lọ fẹ́ awakọ̀.

Nítorí náà, òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Yàrá méjì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ilé ìdáná kékeré. Fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri ẹlòmíràn. Orúnkún ìyá ti rẹ̀, àga oníke tó ń jókòó sí sì rẹlẹ̀ jù. Tó bá fẹ́ dìde, á kọ́kọ́ kó ara jọ, á di férémù ilẹ̀kùn mú, á wí pé "ó yá," á wá dìde. Nígbà míì, á tó ẹ̀ẹ̀mẹta tó máa wí "ó yá" kí ó tó yá lóòótọ́. Ọmọ rẹ̀ ti ṣèlérí àga fún un. Àga gíga, tó ní apá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Ó ti ra pákó rẹ̀. Pákó pupa, èyí tó dára jù tó tíì wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ "Màámi" sí i lára, ó sì gbé e sókè àjà, sí ibi tí atẹ́gùn ti ń kọjá.

"Ọmọ mi, àga mi ńkọ́?"

"Màámi, ó kù díẹ̀."

"Ó-kù-díẹ̀ yìí mà ti hu irùngbọ̀n o."

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ìyá á tún padà sórí àga oníke.

Ikọ́ kan wá dé sílùú. Kì í ṣe ikọ́ tí a mọ̀. Ó ń bá ibà rìn, ó sì ń gba èémí lọ́wọ́ àgbàlagbà bí ẹni ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé. Ibùdókọ̀ dá páropáro. Gbogbo ènìyàn bo imú. Télọ̀ fi àjákù aṣọ rán ìbòmú, ó so wọ́n mọ́ ojú ilẹ̀kùn bí ẹja. Òkú ń jáde láti ilé ìwòsàn ńlá, àwọn àgbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìgbà tó ṣe, a gbọ́ pé wọ́n ti rí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ṣe. Ìgbà tó tún ṣe, abẹ́rẹ́ náà dé ilé ìlera àdúgbò.

Ibẹ̀ ni àbúrò Jẹ́-Ó-Gbẹ ti ń ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni. Òun nìkan ni ọmọ ìyá tó ní. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe lọ́ra tó ni àbúrò ṣe yá tó. Orí ìdúró ló ti máa ń jẹun. Ọ̀nà ló ti ń de bọ́tìnnì aṣọ. Ìyá wọn a máa sọ pé òun bí ìgbín, òun bí ehoro, inú kan náà sì ni àwọn méjèèjì gbé.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ló wọ ṣọ́ọ̀bù, kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀dá, mo fẹ́ mú Màámi lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́la."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ìfági fá ẹsẹ̀ tábìlì kan. Kò dúró. Ìyá wà láàárín wọn lórí àga oníke, ife tíì lọ́wọ́. Télọ̀ náà wà níbẹ̀, ó wá wo ẹsẹ̀ tábìlì náà, torí pé tirẹ̀ ni.

"Abẹ́rẹ́ wo?"

"Ẹ mọ abẹ́rẹ́ tí mò ń wí."

"Ó tó ìgbà wo tí wọ́n ti ń gún un fún ènìyàn?"

"Ó ti lé lọ́dún kan, tí a bá ka àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò."

Ìfági dúró. "Ọdún kan. Pákó ọdún kan, mi ò lè fi kan àpótí ìjókòó."

"Màámi kì í ṣe pákó."

"Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn. Tí mo bá lè dúró de pákó, ṣé ìyá mi ni mi ò ní lè dúró dè?"

"Kí ló ń bà yín lẹ́rù gan-an?"

"Ẹ̀yìn ọ̀la. Lónìí, wọ́n gún un, ó dáa. Lọ́la, ó dáa. Ta ló mọ ohun tó máa hù lára wọn ní ọdún mẹ́wàá sí i?"

Ìyá sọ ife kalẹ̀. "Ọdún mẹ́wàá kẹ̀? Ta ló bá mi gbà á? Ẹ fi ẹni náà hàn mí kí n lọ dúpẹ́."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi wá èémí. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ dákẹ́ nínú wọn. Èémí náà ni òun gbọ́.

Ó fa àpótí kan, ó jókòó. Ohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ gbọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í jókòó sínú ara bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Á kọ́ ara bí yóò ṣe bá àìsàn jà, ara á sì palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀kọ́ yẹn nìkan ló ń kù. Ó ti pẹ́ tí ayé ti ń gún oríṣiríṣi rẹ̀. Èyí tó bá máa mú wàhálà wá, kì í pẹ́ kó tó hàn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni, tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ṣọ̀wọ́n kó kọjá oṣù méjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ àwọn tó kọ́kọ́ gbà á kí wọ́n tó gbé e wá bá wa."

"Kò wá ṣe ẹnikẹ́ni rí?"

"Ó ń ṣe àwọn kan. Apá á dùn wọ́n, ara á gbóná. Àwọn díẹ̀, díẹ̀ gan-an, ojú wọn rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kíákíá la ń rí i."

"Èyí tó bá fara pamọ́ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè kan. Pákó tó máa lọ́, ìgbà wo ló ń lọ́?"

Ó fẹ́ lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lẹ́nu ìfági. Ó mọ ìdáhùn náà ju bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀ lọ.

"Bọ̀dá?"

"Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́."

"Tí ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ bá kọjá lórí rẹ̀, tí kò lọ́?"

"Kò lọ́ mọ́ nìyẹn." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo abẹ́ òrùlé. Ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ̀ ọ́ lára, ó hàn lójú rẹ̀.

Télọ̀ pàtẹ́wọ́ gbàà. "Ó parí! Nọ́ọ̀sì ti ti Bàbá mọ́ inú ilé, fèrèsé ló kù kí wọ́n gbà jáde!"

Eré ló fi ṣe. Kò sí ibi kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n káfíńtà tún gbọ́ ẹ̀rín àtijọ́, ẹ̀rín abẹ́ fèrèsé ọ̀gá ilé ìwé. Ọrùn rẹ̀ le. Ohun tó ti ń ṣí sílẹ̀ lójú rẹ̀ tún pa dé.

"Igi kì í ṣe ènìyàn," ó wí.

"Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ igi!"

"Ó dáa. Ìwọ lo kàwé rẹ̀. Wo ojú Màámi. Búra fún wọn níbí yìí pé kò sí nǹkan kan, bó ti wù kó kéré mọ, tí abẹ́rẹ́ yìí máa fi wọ́n ṣe láéláé. Búra, màá fi ọwọ́ ara mi gbé wọn pọ̀n lọ."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ìyá rẹ̀.

Ó ti gún apá tí kò níye. Àwọn ìyá ọmọ ti bi í ní irú ìbéèrè yìí, ó sì ti dá wọn lóhùn láìwo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n láéláé. Ta ló ń búra lórí láéláé? Ènìyàn kò lè fi láéláé búra lórí omi tó ń mu. Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Ó ṣòro láti purọ́ lójú ìyá ẹni, kódà irọ́ tó lè gbà á là.

"Mi ò lè búra," ó wí. "Kò sẹ́ni tó lè búra. Ohun tí mo mọ̀ ni mo lè sọ fún yín. Ikọ́ yìí ń pa ẹgbẹ́ wọn, mo ń fojú rí i. Èyí tí ẹ̀ ń bẹ̀rù yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì rí i. Ẹ fi ohun tó ń gbọn ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ wá ń ṣọ́ ohun tí wọn ò tíì bí."

Gbólóhùn púpọ̀ ni. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́.

"Ṣé ẹ gbọ́? Kò lè búra." Ó tún gbé ìfági. "Kí ẹ̀ẹ̀rùn yìí kọjá. Tí kò bá ṣe àwọn tó gbà á ní nǹkan kan, a ó lọ. Jẹ́ ó gbẹ."

"Màámi," Nọ́ọ̀sì wí, "ẹ̀yin lẹ lara yín. Kí lẹ wí?"

Ìyá wo ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó wo ọkùnrin. Ó fi ìka nu etí ife tíì yípo, yípo.

"Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni mò ń gbé. Tí mo bá gba ohun tí kò fẹ́, tí nǹkan wá ṣe mí, á sọ pé òun ló fà á. Kò ní sọ̀rọ̀. Á kàn máa rù. Mo mọ ohun tí mo bí." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti ń dúró de àga. Kí ni ẹ̀ẹ̀rùn kan?"

Nọ́ọ̀sì dìde. Tíì tí wọ́n pò fún un ṣì gbóná. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Bọ̀dá, ikọ́ kì í dúró kí nǹkan gbẹ."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé káfíńtà fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ó gbé bẹ́ǹṣì dí ọ̀nà àárín ṣọ́ọ̀bù àti yàrá, kí oníbàárà kankan má baà kọjá síbẹ̀. Ó ra ọṣẹ, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi sẹ́nu ọ̀nà. Kì í bọ́ ìbòmú tí ènìyàn bá wà nítòsí. Ó sì ń ṣọ́ abẹ́rẹ́ náà bó ṣe ń ṣọ́ igi. Télọ̀ ti gba tirẹ̀. Láràárọ̀, káfíńtà á nawọ́ sí i láti òdìkejì.

"Apá ńkọ́?"

"Ó wà lára o."

"Orí fífọ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ń fọ́ mi lórí."

"Nǹkan míì ò ṣe yín?"

"Mo ti hu ìrù. Mo ká a sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì, ẹ ò lè rí i." Á yí ìdí padà kó wò ó. Ìyá á gbọ́ láti inú yàrá, á sì máa rẹ́rìn-ín.

Káfíńtà náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí Télọ̀ bá ń rìn lọ, á tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bóyá ó ń wọ́ ọ̀kan. Kò wọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ. Ó ti ń sọ ọ́ lẹ́nu pé ó jọ pé nǹkan yìí kò burú. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó kù díẹ̀.

Láàárín díẹ̀ yẹn ni káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ta ni ikọ́ ń bà lẹ́rù nínú káfíńtà? Ó ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ tó ti mú ayùn. Lẹ́búlẹ́bú igi ń wọ̀ ọ́ lọ́fun, á fi ikọ́ tú u jáde, á mu omi. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, òun àti ọkùnrin kan gbé kọ́bọ́ọ̀dù gun àtẹ̀gùn ilé kan tó há, ojú kojú, èémí pàdé èémí. Ìbòmú ọkùnrin náà wà ní àgbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló ṣe iṣẹ́ lórí igi dúdú kan tí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ máa ń ta ọ̀fun bí ata. Ọ̀fun rẹ̀ ta. Ó mọ ohun tó fà á. Igi dúdú ni. Ó tilẹ̀ bú igi náà.

"Ikọ́ yìí ńkọ́?" ìyá rẹ̀ bi í, nígbà tó ń gbé oúnjẹ fún un.

"Igi ni, Màámi."

Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀ lálẹ́ kan, ó ní oòrùn ló pa òun. Nígbà tó fi máa di òpin ọ̀sẹ̀, ara rẹ̀ ti dá. Ó ti gbàgbé. Gbogbo àkókò náà ló fi ń bu oúnjẹ fún ìyá, tó ń fà á dìde lórí àga oníke, tó ń bá a wí "ó yá," tí ojú àwọn méjèèjì ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kò fẹ́ tíì. Obìnrin tó máa ń fẹ́ tíì lẹ́nu fùú, fùú, tí gbogbo ọ̀nà á gbọ́. Ó gbé ife náà dání, ó ń wò ó bí ohun tí kò mọ ìlò rẹ̀. Ó ní kò ní òórùn kankan. Nígbà tí oòrùn kan orí, ara rẹ̀ ti gbóná, èémí rẹ̀ sì ti kúrú.

Nọ́ọ̀sì sáré dé. Ó mú nǹkan kékeré kan tó ń há mọ́ni níka, èyí tó ń sọ bí èémí ṣe ń wọ ẹ̀jẹ̀ sí. Ó fi há ìka ìyá. Ó wò ó. Ó yọ ọ́, ó fi há ìka mìíràn. Ó tún wò ó.

"Ta ló ti ń wúkọ́ nínú ilé yìí?"

Ìyá wọn mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé kí ó fi sílẹ̀. Káfíńtà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Igi dúdú. Igi dúdú náà ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ẹ gbé wọn," Nọ́ọ̀sì wí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ìyá wọn. Kò wúwo rárá.

Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọn kò jẹ́ kí ẹbí wọ yàrá àwọn oníkọ́. Wọ́n jẹ́ kí Nọ́ọ̀sì wọlé torí iṣẹ́ rẹ̀ àti torí abẹ́rẹ́ tó ti gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níta lórí bẹ́ǹṣì gígùn kan. Bẹ́ǹṣì náà ń mì. Igi tútù ni wọ́n fi kàn án, ìṣó rẹ̀ ti ń jáde. Ó fi òkúta kékeré gbá ìṣó náà wọlé. Kò rí nǹkan míì ṣe.

Nọ́ọ̀sì jáde ní ọjọ́ kejì. Àmì ìbòmú ti fa ilà sí i lójú.

"Wọ́n fi ike atẹ́gùn sí wọn nímú. Màámi ń sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kí n bi yín léèrè kan."

"Kí ni?"

"Wọ́n ní, ṣé ó ti gbẹ?"

Ó dìde lórí bẹ́ǹṣì náà. Kò dúró de ọkọ̀. Ó rìn délé, ó gbé àkàbà ti ògiri, ó gun òkè àjà. Pákó náà wà níbi tó gbé e sí. Eruku ti bò ó. Aláǹtakùn ti ta okùn láti ara rẹ̀ dé ara igi òrùlé. Ọ̀rọ̀ tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Àtọjọ́ tó ti gbé e síbẹ̀, kò gòkè wá wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó ń sọ pé ó kù díẹ̀, ó ń sọ pé ó kù díẹ̀, kò sì gòkè.

Ó ká ìka. Ó gbé etí sún mọ́ ọn.

Kó.

Ó sún ọwọ́. Kó. Ó lọ dé ìparí pákó náà. Kó, kó, kó. Ó ti gbẹ. Ó ti gbẹ tipẹ́tipẹ́. Kì í ṣe lánàá, kì í ṣe lóṣù tó kọjá. Gbogbo ìgbà tí ìyá ń di férémù ilẹ̀kùn mú, pákó àga rẹ̀ ti gbẹ, ó wà lókè orí rẹ̀.

Ó fi fóònù ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ pé ó ti gbẹ. Ó gbé pákó náà sọ̀ kalẹ̀. Ó fi aṣọ nù ún. Ó wọn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wọn apá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìfági fá a. Iṣẹ́ tó máa ń ṣe bí ẹni tó ní gbogbo ayé lọ́wọ́, ó ń sáré ṣe é. Télọ̀ wò ó láti òdìkejì, kò dápàárá kankan.

Ẹsẹ̀ méjì ló ti gé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà dí. Àbúrò rẹ̀ ló dúró síbẹ̀. Ìbòmú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí lójú. Ó ń fi okùn rẹ̀ wé ìka, ó ń tú u.

Káfíńtà sọ ayùn kalẹ̀.

"Ṣé o sọ fún wọn pé ó ti gbẹ?"

"Mi ò bá wọn, Bọ̀dá."

Òfin ilé ìwòsàn ni pé ẹni tí ikọ́ náà bá pa kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń sin ín, nínú pósí tí wọ́n ń kàn nílé ìwòsàn, lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ funfun dé ọrùn. Ẹbí lè dúró, lókèèrè.

Kò dúró lókèèrè. Ó rìn lọ bá pósí náà kí wọ́n tó gbé e. Pákó fẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọn kò fá. Etí rẹ̀ ṣì ń sun omi igi níbi tí ìṣó ti wọlé. Òórùn rẹ̀ ti sọ fún un kó tó débẹ̀. Síbẹ̀, ó ká ìka, ó gbé etí sún mọ́ ọn.

Bù.

"Kò tíì gbẹ," ó wí.

Òṣìṣẹ́ kan wò ó. "Bàbá?"

"Igi yìí. Omi wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀, mo ní pákó tó ti gbẹ nílé. Káfíńtà ni mí. Mi ò ní pẹ́. Ìyá mi ni."

"Bàbá, ẹ má bínú. Kò sí àyè ìdúró. Òní náà ni."

Ó ṣì na ọwọ́ sórí pósí náà. Àbúrò rẹ̀ wá, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e kúrò rọra, bí ẹni ń gba nǹkan olómi lọ́wọ́ ẹni tó ń sùn.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ, Bọ̀dá."

Igi tútù ni wọ́n fi sin ìyá ọkùnrin tí kò jẹ́ kí igi tútù jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Àwọn méjèèjì padà sílé. Wọ́n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, láàárín èérún igi pupa tí ìfági fá sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó lórí àga oníke. Ọkọ̀ kan wọ ibùdókọ̀, ó jáde.

"Ò bá ti búra," ẹ̀gbọ́n wí. Kì í ṣe ìbínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri.

"Mo mọ̀."

"Ò bá kàn ti búra, Àbúrò."

"Mo mọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dùbúlẹ̀ ni mo ti ń búra. Mo ń búra nínú ọkọ̀, mo ń búra tí mo bá ń fọwọ́." Ó nu imú. "Mo rò pé òótọ́ máa tó."

"Ó tó." Ó mú èérún igi kan, ó ń tú u bó ṣe ká. "Ìlàjì rẹ̀ ni mo gbọ́."

Bóyá abẹ́rẹ́ náà ì bá gba ìyá là, ẹnikẹ́ni kò lè búra sí ìyẹn náà. Nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n. Nínú àwọn àgbà tó gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìlera rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ikọ́ náà ti mú tó sì ti fi sílẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bi í.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Télọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè bó ṣe máa ń ṣe. "Bàbá Jẹ́—" ó wí, ó sì gbé èyí tó kù mì. Ó wẹ̀yìn, ó ń wá òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sọ pé ẹni tí ikọ́ náà ti mú rí náà lè gba abẹ́rẹ́, káfíńtà lọ sí ilé ìlera. Ó tò lẹ́yìn àwọn tó ń tò. Nígbà tó kàn án, ó ká apá aṣọ sókè. Àbúrò rẹ̀ ló gún un. Nọ́ọ̀sì dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè nǹkan, ó ti ṣètò gbogbo ìdáhùn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò béèrè. Ó ní kí ó kí àwọn ará ibi iṣẹ́, ó sì lọ.

Ó parí àga náà. Ó ga, ó ní apá, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń jókòó sí i tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, láti bọ́ bàtà. Igi ṣì ń gbẹ lókè àjà, káfíńtà sì ń gòkè lọ wò ó láràárọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í pè é ní Jẹ́-Ó-Gbẹ mọ́.